Ègé Ṣíà Rẹ Tí Mo Tà Nítorí Ọ́ńkù Báyọ̀

Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Girama,
Ore.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tóyọ̀sí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yóò yà ọ́ lẹ́nu nígbà tí fóònù wà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń lọ, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé èmi gan-an ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà. Bébà kì í já. Awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ni mo fi í rán. Mo sọ fún un pé ìwé ẹ̀rí rẹ ni, kí ó má baà fi di ẹ̀pà lójú ọ̀nà.

A kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Pásítọ̀ ti gbàdúrà fún ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí o pè ní ọjọ́ Àìkú, o ní owó oṣù àkọ́kọ́ ti wọlé, o sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ègé ṣíà lórí fóònù díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn. O wá ní, "Ọ́ńkù Báyọ̀ ló ń tọ́ mi sọ́nà." Dídùn náà dúró níbẹ̀.

Èmi rèé, tí mo gba HND nínú ìṣirò owó, tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò láti ọdún mẹ́tàlélógún. O fi mí sílẹ̀, o lọ bá àbúrò ìyá rẹ, àgbẹ̀ kòkó ní Omifunfun, ẹni tó jẹ́ pé ní kíláàsì kẹrin ló ti dágbére fún ilé-ìwé. Mo bi ara mi pé kí ni mo ṣe. Mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà.

Nítorí pé kí o tó gbé fóònù sílẹ̀, o tún ní, "Dádì, ègé tí ẹ rà fún mi nígbà tí mo wọ yunifásítì ńkọ́? Mo fẹ́ gbà á sọ́wọ́ ara mi, kí n máa fi kún un."

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Kò sí níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Mo ti tà á. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ fi ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́, kí n sì fa ìmọ̀ràn yọ níbẹ̀, torí pé ìmọ̀ràn nìkan ni èrè tó kù lórí ọjà náà.

Orí màlúù ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé Kérésìmesì kì í dé kí àwa olùkọ́ má dá owó jọ ra màlúù kan. Kò sí ẹni tó lè dá màlúù rà nínú wa, àfi ọ̀gá àgbà, òun náà kì í sì í gbà pé òun lè rà á. Wọ́n á pa á ní ẹ̀yìn pápá, wọ́n á pín in ní òkìtì òkìtì sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó sì mú nọ́ńbà nínú fìlà. Nọ́ńbà tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, òkìtì rẹ nìyẹn. Ohun tí ègé ṣíà jẹ́ kò ju èyí lọ. Odindi ṣíà ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun lè ju owó oṣù tíṣà lọ, nítorí náà wọ́n ń gé e kí mẹ̀kúnnù lè rí tirẹ̀ dì lọ sílé.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ilé-ìwé yìí, o ṣì wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ, nọ́ńbà méje ni mo mú. Òkìtì tó dára ni: itan, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, egungun ìhà. Ṣùgbọ́n ojú mi kò sí lára nọ́ńbà méje. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni mo ń wò, ti Alàgbà Fáladé tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Òkìtì tirẹ̀ ga bí ebè iṣu.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀."

Ó wò mí, ó wo òkìtì. "Ṣé ó dá ọ lójú, tíṣà?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́rìí mi o," ni ó wí, ó sì ti da nọ́ńbà méje sínú àpò kí n tó pa ẹnu dé.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ tú ẹrù. Lábẹ́ ẹran pẹlẹbẹ méjì tó wà lókè, pátákò ló wà níbẹ̀, ìwo méjì, àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣì ní eyín. Ìyá rẹ gbé e sókè. Ó ní, "Bàbá Tóyọ̀sí, ta ni màlúù yìí ń fi rẹ́rìn-ín?"

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí, ọmọ mi: ìwọ̀n ojú ni a fi ń wọn òkìtì ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ga. Tìrẹ nìkan ni o mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

O lè rò pé mo kọ́gbọ́n. Mo fi màlúù sílẹ̀ ni, mo lọ bá ṣíà.

Báyọ̀ ló kọ́kọ́ rà nínú ẹbí wa. Ó ta kòkó tán, ó yà sí ilé wa, o ṣì wà ní kíláàsì àṣekágbá nígbà náà. Ó yọ fóònù tí ojú rẹ̀ ti là síwẹ́wẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan." Ó ti ra ègé ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì kan ní ìlú òyìnbó.

Mo ní, "Kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi ṣokoléètì ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà ayé bàbá wa la ti ń ta kòkó fún wọn. Wọn ò pè wá wọlé rí. Mo ní kí n ra ibi ìjókòó kékeré kan sí pálọ̀ wọn."

"Báwo ló ṣe tóbi tó nínú ṣíà kan?"

"Kò tó ìdá mẹ́wàá."

"Ìdá mẹ́wàá ìjókòó! Ẹsẹ̀ àga kan lo rà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ àga náà ṣáà wà nínú pálọ̀."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Bí ó ti jáde báyìí, mo wọ yàrá lọ gbé áàpù tó fi ń ra ṣíà sórí fóònù tèmi.

Ohun tó dùn mí ni pé mo fẹ́ fi hàn án pé kò mọ ohun tó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n. Bí kòkó bá wọ́n, owó ń wọlé fún un láti oko, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ni yóò máa ráhùn. Bí owó kòkó bá já wálẹ̀, oko á dákẹ́, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì á rí i rà ní pọ̀ọ́kú, ègé rẹ̀ á sì máa rá gòkè. Ibi yòówù kí kòkó yí sí, ọwọ́ rẹ̀ kan á wà nínú àwo. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìbéèrè ìdánwò fún kíláàsì mi, gbogbo wọn ló kùnà. Báyọ̀ kò kà á níbì kankan. Ó kàn rò ó nígbà tó ń fọ́ kòkó ni.

Èmi wá ra ègé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà eléré ìje. Ìdí tí mo fi rà á ni pé Báyọ̀ kò ní i. Mi ò ní ìdí mìíràn. O mọ̀ pé èmi kì í sáré.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ṣokoléètì gòkè, bàtà jókòó. Mo ta bàtà, mo ra ṣokoléètì. Kò pẹ́ tí ṣokoléètì fi rọ̀ díẹ̀, ni bàtà bá dìde tó ń sáré. Mo ta ṣokoléètì, mo sá tẹ̀lé bàtà. Báyọ̀ wá, ó ní òun ti fi ègé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe katakata kún tòun. Mo ta bàtà, mo ra katakata. Bí mo bá rà, wọ́n á yọ díẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Bí mo bá tà, wọ́n á yọ díẹ̀. Bí náírà bá ń di dọ́là, wọ́n á yọ, bí dọ́là bá ń padà di náírà, wọ́n á tún yọ. Bí ẹni tó ń gbé ẹran dídín láti ilé lọ sí ọjà, láti ọjà bọ̀ wálé, tó ń bù ú jẹ lójú ọ̀nà, ni mo ṣe rí.

Nítorí náà, gba èkejì yìí, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: kí o tó ta ègé kankan, mú bébà, kọ ìdí tí o fi fẹ́ tà á sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà lè ti máa bàjẹ́, o lè fẹ́ san owó ilé, o lè ti rí ohun tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ènìyàn bá wà nínú ìdí náà, má tà á. Mo ronú padà sí gbogbo títà tí mo tà. Báyọ̀ wà nínú wọn pátá, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ègé kan wà tí mi ò fọwọ́ kàn. Tìrẹ ni. Nígbà tí o rí yunifásítì wọ̀, Màmá àgbà tó wà ní Odigbo tú etí aṣọ rẹ̀, ó fún mi lówó, ó ní, "Fi ra nǹkan tí kò ní tètè bàjẹ́ fún ọmọ yẹn." Mo fi ra ègé ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì fún ọ, torí pé òun ló dára jù nínú èyí tí mo mọ̀, bí mi ò tilẹ̀ ní sọ bẹ́ẹ̀ létí Báyọ̀. Mo fi hàn ọ́ lórí fóònù mi. O ní, "Dádì, ṣé mo lè lá a?"

Ó wà níbẹ̀ fún ọdún méjì. Mi ò rà kún un, mi ò sì tà á. Òun nìkan ni mi ò tà, òun nìkan ló sì ń dàgbà. Kò tíì yé mi nígbà náà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bára tan.

Kérésìmesì wá dé. O ti ilé-ìwé bọ̀, o kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, mi ò purọ́ mọ́ ọ. Ẹ̀yìn náà ni Báyọ̀ wọlé. O fò mọ́ ọn. Ẹ̀yin méjèèjì forí korí sórí fóònù tó là yẹn, ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan wà tí o rín lọ́jọ́ náà tí o kò bá mi rín rí. Ìyá rẹ fi ẹran tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀. Mo pè ọ́, mo ní kí o bu omi wá. O bu omi wá, o sì padà sí àyè rẹ. Mo tún pè ọ́. O ní, "Dádì, omi àkọ́kọ́ ṣì wà níwájú yín."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ Agbabu tún rú yọ. Mo ń dúró de ọkọ̀ ní oríta Ore nígbà tí ọkùnrin kan tó jókòó tì mí sọ pé ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ń bọ̀ wá wa bítúmẹ́nì, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, ní Agbabu, pé orúkọ wọn wà lórí áàpù, pé kí ẹni tó gbọ́n tètè rà kí ayé tó gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́, ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ Agbabu ní agbègbè wa? Bítúmẹ́nì ń fúnra rẹ̀ yọ láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá wà á. Nígbà tí mo wà ní pólì, wọ́n ní wọ́n ti dé Ore. Bóyá wọ́n ṣì ń jẹun níbẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n Báyọ̀ kò tíì gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ yẹn. Mo rí Kérésìmesì tó ń bọ̀ bí ẹni rí ìran: èmi jókòó, ìwọ jókòó tì mí, fóònù wà lọ́wọ́ mi, Báyọ̀ ló ń bu omi.

Owó tèmi ti tán sínú lílọ-bíbọ̀. Mo ta tìrẹ.

Nígbà tí mo rà á tán ni mo wá jókòó ka ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Òkúta ni wọ́n ń wà, ní orílẹ̀-èdè kan tí òtútù ti ń mú jù. Wọn kò dárúkọ Agbabu níbì kankan. Láàárín oṣù díẹ̀, ègé náà wálẹ̀ títí kò fi lè ra búrẹ́dì mọ́. Bítúmẹ́nì ṣì wà nínú ilẹ̀. Nínú èmi àti òun, òun ni kò pàdánù nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, nígbà náà: kà á kí o tó rà á, má rà á kí o tó kà á. Bí o kò bá lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ, níbi tó ti ń bó gbágùúdá, ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń tà àti ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wọn, fi í sílẹ̀. Mo dán an wò lẹ́yìn tí ọwọ́ ti bọ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òkúta yẹn fún un. Ó ní, "Ta ló wá fẹ́ fi ṣe kí ni?" Ìbéèrè kan péré, ó sàn ju HND mi lọ.

Àwọn kéékèèké rèé, kí n tó gbàgbé. Owó tí o máa fi san ilé, tí o máa fi jẹun, má gbé e sún mọ́ áàpù. Ẹni tó bá sọ fún ọ ní ìdíkọ̀ pé kí o tètè rà, bi í pé kí ló dé tí òun náà ṣì ń wọ ọkọ̀ èrò. Má ra nǹkan kan lọ́jọ́ tí inú ń bí ọ, má sì rà lọ́jọ́ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun. Kí ohun tí o ní sì wà ní orúkọ ara rẹ, lórí fóònù ara rẹ. Ohun tó wà lórí fóònù ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn ni, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ. Pàápàá bàbá rẹ.

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn tí mo parọ́ fún ọ tán, mo gun ọ̀kadà lọ sí Omifunfun. Báyọ̀ ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó nínú oòrùn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí o?"

"Mo ní kí n wá kí ọ ni."

"Ẹ ò wá kí mi rí."

Mo jókòó sórí àpótí. Mo ní, "Báyọ̀, bí Tóyọ̀sí bá bi ọ́ nípa ègé rẹ̀, sọ fún un pé ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé e láti orí fóònù kan sí òmíràn. Bí ọdún méjì."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sórí kòkó. "Ẹ ti tà á."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ gun ọ̀kadà wá sí oko, Ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku ọ̀nà kúrò lára ṣòkòtò mi. Ó ní, "Mi ò lè parọ́ fún ọmọ yẹn. Ẹ sọ fún un fúnra yín. Á bínú, á sì tán."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ máa bi yín ní nǹkan. Ó ní bí òun bá bi yín, ẹ kì í dáhùn. Ó ní ẹ máa kọ́kọ́ bi òun pé ta ló sọ fún òun, ṣé Báyọ̀ ni."

Ó wà lẹ́nu mi láti bi í pé ta ló sọ ìyẹn fún òun. Mo gbé e mì.

Báyọ̀ sún ẹní sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣa èyí tó bu jáde, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti jókòó." A jọ ń ṣa kòkó. Ó ju ọ̀kan tó ti bu sínú igbó, ó ní, "Ẹ̀bù iṣu ni ègé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó gbin ẹ̀bù, tó ń hú u wò lójoojúmọ́ bóyá ti ẹnìkejì ti ta ju tòun lọ, ebi ni yóò wà jáde."

Kò sí gbólóhùn tó dára tó èyí tí mo ti gbọ́ nípa ṣíà, ó sì dùn mí pé òun ló sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó ní kíláàsì. Mi ò kọ orúkọ ẹnì kankan sábẹ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, Tóyọ̀sí. Mi ò ní àwáwí. Láti oṣù yìí, màá máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ nínú owó oṣù mi. Ìwọ ni kí o fi rà á, ní orúkọ rẹ, títí yóò fi tó èyí tí mo tà. Má ṣe fi hàn mí. Mo mọ ara mi. Mo fẹ́ kí ó dára fún ọ ju bí ó ti dára fún mi lọ, mo ń gbàdúrà rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ojú rí i pé tìrẹ ti gòkè, mi ò lè búra pé mi ò ní lọ ta nǹkan.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ó bá gòkè, Ọ́ńkù rẹ ni kí o pè. Ẹ jọ rẹ́rìn-ín bí ẹ ti máa ń rín in. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá wálẹ̀, tí àyà rẹ ń já, tí ọwọ́ rẹ ń yún ọ láti sáré tà á, má pe Báyọ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, kò tà rí. Èmi ni kí o pè, nígbàkúùgbà. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa.

Mi ò sì ní bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ.

Èmi ni,
Dádì rẹ.